Àwọ̀ kan, iṣẹ́ kan: bí a ṣe ń fi àwọ̀ tú ọ̀rọ̀ tó díjú

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé ilé ìwòsàn sọ ní Ìlọrin, tí mo tún kọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú ìjókòó. Púpọ̀ nínú wa ló gbà pé bí ìwé bá ti le, kí a sáà kó máákà jáde, kí a máa fà á kọjá lórí ọ̀rọ̀. Ojú ìwé náà á wá dà bí àwọn tó wá síbi ìgbéyàwó láìdá aṣọ ẹbí, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Ohun tí mo bá wá kò pọ̀: kí a fún àwọ̀ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó má sì kúrò nídìí iṣẹ́ náà.

A ò ní rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí. Ẹ wo Kùránì àfọwọ́kọ ti àwọn àáfà àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń kọ láti Mọ̀rókò títí dé ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí. Tàdáwà dúdú ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà. Pupa ni àmì fáwẹ́lì. Hamza, ìyẹn ohùn tí a ń gé nínú ọ̀fun, bó bá jẹ́ èyí tó gbọ́dọ̀ dún, wọ́n á tọ́ àmì roboto aláwọ̀ ìyeyè sí i. Èyí tí a kì í pè nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ṣáájú rẹ̀, àwọ̀ ewé ni tirẹ̀. Lẹ́tà ló kọ́kọ́ wà; àwọn onímọ̀ ló fi àmì kún un lẹ́yìn náà kí òǹkàwé má baà ṣì í pè. Nítorí pé àwọ̀ wọn yàtọ̀, ẹni tó fẹ́ wo lẹ́tà nìkan lè fojú fo pupa, ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń pè é yóò sì máa tọ pupa lọ. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀.

Kùránì aláwọ̀ tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń fi kọ́ tajweed, ìyẹn òfin bí a ṣe ń ka Kùránì bó ṣe yẹ, lóde òní tún fi ọgbọ́n mìíràn kún un. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, gbogbo ibi tí a ti ń fa ohùn ló wà nínú ẹbí pupa, bí ìfàgùn bá sì ṣe pọ̀ tó ni pupa náà ṣe máa ń ki tó. Ibi tí ohùn ti ń gba imú kọjá, àwọ̀ ewé ni. Lẹ́tà tí a kì í pè, àwọ̀ eérú. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: àwọn ohun tó yàtọ̀ síra gba àwọ̀ tó yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan náà tó ń pọ̀ tó ń dín gba àwọ̀ kan náà tó ń ki tó ń ṣá. Ibí gan-an ni èsì ìdánwò tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri ti máa ń bàjẹ́. Wọ́n á fi búlúù kun máàkì àádọ́ta, wọ́n á fi pupa kun ọgọ́ta, wọ́n á fi ìyeyè kun àádọ́rin. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé ìyeyè ju pupa lọ? Ìbá ti dára jù kí wọ́n lo búlúù nìkan, kó máa ki bí máàkì bá ṣe ń pọ̀.

Àwọ̀ a sì máa sọnù. Ní súrà Húúdù, ááyà 41, nínú ìkàwé Hafs, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí a ń gbà ka Kùránì, lẹ́tà kan wà tí a gbọ́dọ̀ yí ohùn rẹ̀ sí ọ̀nà “e”. Àmì roboto pupa ni àwọn àtijọ́ ń fi sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí pupa di ìṣòro fún ilé ìtẹ̀wé, wọ́n fi àmì onígun mẹ́rin dúdú tí inú rẹ̀ ṣófo rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣí Kùránì tí wọ́n tẹ̀ ní Mẹ̀dínà tó wà nílé yín wò, ẹ óò rí i. Ohun kan náà ló ń dé bá ìwé tí à ń há fún akẹ́kọ̀ọ́: bó bá fi máa kúrò lọ́wọ́ oní-fọ́tókọ́pì ní Tánkẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé ti di ọ̀kan náà. Ojú àwọn ẹlòmíràn kì í sì í ya méjèèjì sọ́tọ̀ rárá, pàápàá àwọn ọkùnrin. Nítorí náà, ẹ fi lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àmì kan ti àwọ̀ lẹ́yìn. Téèpù tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn apá ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún láti mọ̀ bóyá ó ń rí oúnjẹ tó yẹ jẹ rí bẹ́ẹ̀: pupa ni ohun tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ìyeyè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ṣùgbọ́n kò dé 12.5, àwọ̀ ewé ni láti 12.5 lọ sókè. Ìyá tí kò mọ̀wé á rí àwọ̀, nọ́ọ̀sì á rí nọ́ńbà.

Ewu tó pọ̀ jù ni kí àwọ̀ yí iṣẹ́ padà. Nínú ètò wáyà àtijọ́ tí a bá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pupa, ìyeyè àti búlúù ni iná wà nínú wọn, dúdú sì ni nútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà. Láti 2004 ni Bìrìtéènì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò tuntun: búlúù di nútírà, dúdú sì wá di ọ̀kan lára àwọn tí iná wà nínú wọn. Ilé tí wọ́n bá fi wáyà méjèèjì ṣe, kí oníṣẹ́ iná má gba àwọ̀ gbọ́ o, kó fi tẹ́sítà wò ó.

Olùkọ́ kan láti Ọ̀fà béèrè ohun tí òun lè fi èyí ṣe lójú pátákó. Mo ní kó fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, kó sì fi ìyeyè fi àmì ohùn sí i. Ó ní pupa ńkọ́? Pupa kì í hàn sí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lórí pátákó dúdú. Lórí pátákó funfun, ìyeyè ni kò ní hàn, kó lo pupa níbẹ̀.

Akọ̀wé kan ní àwọ̀ mélòó ló tó fún fáìlì. Mo ní mẹ́rin, bó bá pọ̀ jù, márùn-ún, kí ìtumọ̀ wọn sì wà lára ògiri níbi tí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ti rí i.