Omi Tí Alájì Fi Sílẹ̀ Kì Í Ṣe Ogún

Ẹ kú Jímọ̀ o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ikẹ́ àti ọlà máa bá Ànọ́bì wa. Ẹ jẹ́ n tètè bọ́ sórí ọ̀rọ̀, torí inú ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n fi àgádágodo sẹ́nu ẹ̀rọ omi kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Alájì tó gbẹ́ ẹ, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé sàárà ni, ti kú, a ti ṣe fídáù, àwa aáfáà ti jẹ ìrẹsì, a ti nu ẹnu. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá lẹ ìwé mọ́ ògiri: iye báyìí ni kẹ́ẹ̀gì kan. Àwọn ọmọ ilé kéú to kẹ́ẹ̀gì òfìfo kalẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn.

Ẹ ṣáà mọ bí bàbá yẹn ṣe rí owó. Ó wà lára àwọn ará ìlú wa tó ń ta aṣọ àti wosiwosi ní Gáná. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjà táwọn èèyàn ti ń kó jọ látọdún pípẹ́ bá a lọ. Alájì wálé, ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí àtẹ. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló fi gbẹ́ omi yìí.

Ẹ gbọ́ ti Abu Talha. Nínú àwọn Ánsárì, ìyẹn àwọn ará Mẹ̀dínà tó ran Ànọ́bì lọ́wọ́, òun ló ní ọgbà dàbínù jù. Èyí tó fẹ́ràn jù ń jẹ́ Bayruha, ó kọjú sí mọ́sálásí Ànọ́bì gan-an. Ànọ́bì fúnra rẹ̀ a máa wọbẹ̀, a máa mu nínú omi rẹ̀ tó dára. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun wá sọ̀ kalẹ̀ pé ẹ ò ní í rí oore gbà títí ẹ ó fi ná nínú ohun tí ẹ fẹ́ràn. Abu Talha ò lọ wá èyí tó ti gbó nílé. Ó tọ Ànọ́bì lọ, ó ní: "Ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, Bayruha ni mo fẹ́ràn jù. Mo ti fi ṣe sàárà. Ẹ fi í síbi tí Ọlọ́hun bá fi hàn yín." Inú Ànọ́bì dùn: "Háà! Dúkìá tó ń mérè wá nìyẹn! Dúkìá tó ń mérè wá nìyẹn!" Ó ní kó pín in fáwọn ìbátan rẹ̀, ó sì pín in.

Nígbà tí Umar, sàábé Ànọ́bì, náà yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Khaybar fún sàárà, ohun tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé a ò gbọdọ̀ tà á, a ò gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, a ò gbọdọ̀ jogún rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè jẹ níbẹ̀ níwọ̀nba.

Ẹ̀yin ọmọ Alájì, ṣọ́ọ̀bù Sábó, ogún ni. Ẹ pín in bí Kùránì ṣe là á, ẹ má sì fi ìpín àwọn obìnrin dù wọ́n. Omi yẹn kì í ṣe tiyín. Ohun mẹ́ta ló kù fún òkú: sàárà tó ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní, ọmọ rere tó ń ṣàdúà fún un. Ọwọ́ ọmọ lẹ wá fi ti sàárà pa! Bàbá yín tí kò lè gbé àwo omi mọ́, ẹ̀san tó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lẹ gbégi dínà. Kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá gbà níbẹ̀, ẹ ó rojọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ ṣì wà láyé, ẹ kọ tiyín sílẹ̀, ẹ pe ẹlẹ́rìí. Ẹnu nìkan ni Alájì fi sọ pé sàárà ni omi yẹn.

Bó bá jẹ́ owó iná ló ń wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ ọ́ jáde, jámáà á dá a. Mo ti bá Lèmọ́mù sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òní, a ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́.