Bí mo ṣe ń mount fíláàṣì lórí Linux láìfọwọ́ kan sudo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti bi mí léèrè eléyìí títí: báwo lèèyàn ṣe ń mount fíláàṣì, ìyẹn ni pé kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí fáìlì inú ẹ̀ lè ṣí, láìlo sudo, àṣẹ tó ń fúnni lágbára ọ̀gá? Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é.

Ẹ ki fíláàṣì yín bọ ojú USB, ẹ ṣí terminal, ojú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ, kẹ́ ẹ tẹ:

lsblk

Ó to gbogbo díìsìkì tó wà lára kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i? sda ni díìsìkì inú kọ̀ǹpútà mi. sdb ni àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, sdb1, apá tí fáìlì wà nínú ẹ̀, sì wà lábẹ́ ẹ̀. sdb1 yẹn la fẹ́. Tiyín lè jẹ́ sdc, ẹ wo bó ṣe tóbi tó, ìyẹn lẹ ó fi dá a mọ̀. Ó yá:

udisksctl mount -b /dev/sdb1

Ó tán! Ṣé ó bèèrè password? Kò bèèrè. Ó tiẹ̀ sọ ibi tó gbé e sí fún wa: /run/media, lẹ́yìn náà orúkọ mi, lẹ́yìn náà orúkọ fíláàṣì. Lórí Ubuntu àti Debian, /media lẹ ó ti rí i. Tó bá jẹ́ pé ssh lẹ fi wọlé láti ibòmíràn, ó lè bèèrè password o, torí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gan-an ló ń gbà láyè bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó kọ̀wé sí mi pé sudo mount ló yá jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ bí. Fíláàṣì tó ń lo FAT, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì, kì í kọ orúkọ ẹni tó ni fáìlì sílẹ̀. Tí root, ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, bá mount ẹ̀, root ló ni gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó rí fáìlì yín kà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sí i, “Permission denied.” Ẹ ó wá máa fi sudo ṣe kọ́pì, ẹ ó máa fi sudo pa fáìlì rẹ́, chown gan-an, àṣẹ tó ń yí ẹni tó ni fáìlì padà, ò ní gbọ́ tiyín. udisks, ètò tí udisksctl ń pè, ní tiẹ̀ máa ń fi fáìlì sórúkọ ẹni tó pè é. Ẹ fi sudo sílẹ̀!

Ó ku yíyọ. Ẹ má kàn fà á yọ o, mo bẹ̀ yín. Kọ́pì lè ní òun ti parí, kó jẹ́ pé inú RAM, ìrántí onígbà díẹ̀ kọ̀ǹpútà, ni apá kan fáìlì yín ṣì wà. Látìgbà tí mo ti ń ṣe é báyìí, fáìlì kankan ò bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́:

udisksctl unmount -b /dev/sdb1

Háà, “target is busy.” Ó dáa bó ṣe ṣẹlẹ̀ lójú yín. Inú fíláàṣì náà ni terminal mi wà. Mo tẹ cd lásán, mo jáde, mo tún un tẹ̀. Ó ti gbà. Tó bá ṣì kọ̀, fuser -vm pẹ̀lú ibi tí wọ́n gbé fíláàṣì sí yóò fi ètò tó dì í mú hàn yín.

Ó ku ká pa iná fíláàṣì náà lódindi, sdb ni o, kì í ṣe sdb1:

udisksctl power-off -b /dev/sdb

Ẹ wo iná ara ẹ̀, ó ti kú. Ẹ yọ ọ́ wàyí.