Ẹrẹ̀ Tó Pa Igbó Ẹ̀gbà ní Casamance

Ẹ wo ilẹ̀ funfun gbalasa yìí. Ní Casamance, gúúsù Sẹ̀nẹ̀gàl, "tann" ni wọ́n ń pè é. Igbó ẹ̀gbà, igi máńgírófù, ló wà lórí ọ̀pọ̀ irú ilẹ̀ yìí kí ọ̀dá tó dé ní àwọn ọdún 1970. Òjò dín kù, oòrùn sì ń fa omi odò lọ. Lítà omi òkun kan máa ń ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35. Iyọ̀ òkè odò Casamance wá ju ti òkun gan-an lọ.

Rhizophora, irú ẹ̀gbà tó fi gbòǹgbò ga bí agéré, kò lè fara da irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́. Avicennia, irú ẹ̀gbà mìíràn tí ewé rẹ̀ ń laagùn iyọ̀, lè fara dà á jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n iyọ̀ nìkan kọ́. Ẹ gbóòórùn ẹrẹ̀ dúdú ibẹ̀: bí ẹyin ọ̀bu ló ń rùn. Kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀, torí náà sọ́fétì, èròjà tó ní imí-ọjọ́ nínú omi òkun, ni bakitéríà fi ń mí. Imí-ọjọ́ tó jáde níbẹ̀ á so mọ́ irin inú ilẹ̀, á di páyíráìtì. Tí omi bá bò ó, kò léwu. Tó bá gbẹ tí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, á di ásíìdì, irú ti inú bátìrì mọ́tò. pH, ìwọ̀n tó ń kéré sí i bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, á já sísàlẹ̀ 4, alumíníọ́mù á yọ́ sínú omi, gbòǹgbò á jóná. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè nínú ẹrẹ̀, ásíìdì ti dé. Ìdí nìyí tí àwọn ìsédò kan tí wọ́n kọ́ láti lé iyọ̀ kúrò nínú oko ìrẹsì fi sọ ilẹ̀ di kíkan.

Láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ kan ní ewu yìí, ẹ gbẹ́ ẹ dé sẹ̀ǹtímítà 50, kí ẹ wọn pH lójú ẹsẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá pẹ́ lójú afẹ́fẹ́ kó tó dé ibi àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ ti yí padà. Ẹ wá tẹ́ díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ náà pẹlẹbẹ, kó nípọn sẹ̀ǹtímítà 1, kó máa ní ọ̀rinrin díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán. Bí pH bá já sí 4 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹ má fa omi ibẹ̀ gbẹ láéláé.

Láti fi ẹfun pa agbára ásíìdì náà, gíráàmù ásíìdì 98 ń gba gíráàmù ẹfun ògidì 100. Lórí hẹ́kítà púpọ̀, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó sàn kí a ṣí ọ̀nà fún omi òkun kó máa wọlé, kó máa jáde, kí a tó gbin ohunkóhun. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀: bí ásíìdì tó ti kó jọ bá ya lu odò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja á kú.