Ètè Di Ìpéǹpéjú: Àtúnṣe Ojú Ológbò Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko, oníṣẹ́ abẹ tí ó bá ti ń ro bí òun yóò ṣe rán ojú ológbò kí ó tó gé jẹjẹrẹ rẹ̀ tán yóò ṣẹ́ jẹjẹrẹ kù. Èyí tí a sábà máa ń bá ní ìpéǹpéjú ológbò ni squamous cell carcinoma, jẹjẹrẹ inú awọ tí ìtànṣán oòrùn ń fà, pàápàá lára ológbò funfun. Kì í tètè ràn dé ibi tí ó jìnnà, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ ibi tí ó wà wọnú, ẹni tí ó ni ológbò a sì máa rò pé egbò ìjà ni. Ìdí nìyí tí a fi ń gé awọ tí ojú rí bí awọ tí ó yá mọ́ ọn, ní nǹkan bíi mìlímítà 5 níbi tí ààyè bá gbà. Mìlímítà 5 lọ́tùn-ún, 5 lósì: kí ni ó kù nínú ìpéǹpéjú ológbò?

Bí ohun tí a gé kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, a ó fa etí ọgbẹ́ náà méjèèjì pọ̀, a ó sì rán an. Ẹ ti mọ èyí. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ń fa awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè, àwòrán tí wọ́n ń yà lọ́jọ́ tí wọ́n tú okùn sì máa ń dára; kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà hàn wá. Irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò hù, yóò sì lè máa ha ẹyinjú títí yóò fi dá egbò sí i. Etí tí kò ní irun, tí inú rẹ̀ sì tutù, ni ìpéǹpéjú ń fẹ́, ètè sì ní irú rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ẹranko Pavletic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe ọ̀nà yìí fún ajá ní 1982. Oníṣẹ́ abẹ ẹranko mìíràn, Hunt, ròyìn rẹ̀ lára ológbò márùn-ún ní 2006. A ó gé ìrépé kan níbi igun ètè òkè, tàwọ tàwọ inú ẹnu rẹ̀, a ó yí i sókè sí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, a ó sì rán awọ inú ẹnu mọ́ awọ inú ìpéǹpéjú. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kọjú síbi tí kò yẹ, ṣùgbọ́n ológbò kì í wo dígí.

Níbí ni ẹnì kan ti béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí a ò kúkú yọ ojú náà?” Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ ihò ojú, yíyọ ni ó tọ́, ológbò olójú kan a sì máa gbé ayé rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyinjú fúnra rẹ̀ kò bá ní àrùn, ẹ rántí pé oòrùn kan náà ni ó ń pa ojú kejì ológbò funfun náà.

Ìpéǹpéjú òkè le jù, nítorí òun ni ó ń nu ẹyinjú jù lọ, ètè kò sì lè ṣẹ́jú. A lè yá awọ lára ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ gé ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, kí ẹ sì fi kọ́là tí kò ní jẹ́ kí ó ha ojú sí ológbò lọ́rùn títí okùn yóò fi kúrò ní ọjọ́ 10 sí 14. Bí èsì bá sọ pé jẹjẹrẹ ṣì kù létí ibi tí a gé, a ó tún gé e, bí ètè tí a lẹ̀ mọ́ ọn tilẹ̀ ti jinná.