Àgbádárìgì, 1845: Ọ̀nà Dí, Iṣẹ́ Kò Dúró

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, ẹ̀yin àgbà ìjọ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí Kristẹni ṣe ń fi sùúrù gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yìí kan púpọ̀ nínú wa gbọ̀ngbọ̀n: ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú òyìnbó tí kò sì fojú kàn án mọ́. Nítorí náà n kò kàn ní sọ pé “ẹ ní sùúrù” kí n sì jókòó. Ẹ jẹ́ ká wo ẹnì kan tó dúró de Ọlọ́run, ká sì wo ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tó ń dúró.

Ní 1821, ogun kó Ọ̀ṣóògùn, ìlú kan nítòsí Ìsẹ́yìn. Ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n yà wọ́n nípá. Wọ́n ta Àjàyí, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Nígbà tó dàgbà, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lójú ọ̀nà yẹn, òun ti fẹ́ fi ọwọ́ ara òun pa ara òun lóru, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbé e. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé a máa ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbà onígbàgbọ́ bí ẹni pé wọ́n bí sùúrù mọ́ wọn. Wọ́n kọ́ ọ ni, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà láti inú kòtò.

Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó di Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1843, wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ní oṣù Kìíní 1845, Crowther àti àwọn òyìnbó ajíhìnrere méjì, Henry Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ti gba Townsend tọwọ́tẹsẹ̀ ní 1843, ni wọ́n gbójú lé. Wọn kò tíì tu ẹrù tán tí ìròyìn fi dé pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun tún dí ọ̀nà. Nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi wà létí òkun níbẹ̀, ibà sì ń jà. Ìyàwó Gollmer kú síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ àwa ni, a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó dí ọ̀nà wa. Ẹlòmíràn nínú wa á ní kò dá òun lójú mọ́ pé Ọlọ́run ló rán òun. Àwọn wọ̀nyí kọ́lé, wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé, wọ́n ń wàásù fún àwọn ará Àgbádárìgì. Ẹ rántí pé èbúté ẹrú ni Àgbádárìgì nígbà náà! Ẹni tí wọ́n tà fún àwọn oníṣòwò òkun nígbà èwe rẹ̀ ló ń wàásù Kristi ní èbúté ẹrú. Abẹ́òkúta ni wọ́n sọ fún Ọlọ́run pé àwọn ń lọ, ṣùgbọ́n ní ojú tèmi, iṣẹ́ Àgbádárìgì kì í ṣe àfidípò. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Ọba Sọ́ọ̀lù náà dúró. Ìwé Samuẹli Kìíní, orí kẹtàlá, sọ pé ọjọ́ méje ni Samuẹli dá fún un ní Gilgali. Ó dúró fún ọjọ́ méje náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ ogun tó ń sá lọ. Nígbà tí kò rí Samuẹli, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rú ẹbọ tó yẹ kó dúró de Samuẹli fún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú u tán ni Samuẹli yọ. Èmi kì í ka ibẹ̀ láìbẹ̀rù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró dópin. Ìyàtọ̀ òun àti Crowther kò sí nínú iye ọjọ́ rárá. Ohun tí kálukú wọn tẹjú mọ́ ni.

Ọ̀nà là ní 1846. Ní oṣù Kẹjọ, Crowther wọ Abẹ́òkúta, kò sì pé oṣù kan tí òun àti ìyá rẹ̀, Àfálá, fi fojú kanra, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ pé ìyá náà ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, ẹnu wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, orúkọ rẹ̀ sì di Hannah, ìyá Samuẹli.

Mi ò gbọ́dọ̀ fi yín sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí a ti gbọ́ ẹ̀rí tó parí sí ayọ̀ jù. Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ kò pé tán títí di 1884. Ní 1890, nígbà tó ti di arúgbó bíṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere kan dé sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní agbègbè odò Niger, wọ́n tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1891, kò sì rí àtúnṣe rẹ̀. Hébérù orí kọkànlá náà sọ nípa àwọn tí a jẹ́rìí rere sí nípa ìgbàgbọ́, tí wọn kò rí ìlérí náà gbà. Ẹni tó bá ní gbogbo ìdúró ló ń bí ẹ̀rí ọjọ́ Sunday, kò sọ òótọ́ fún yín.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ń wá ọmọ. Dókítà ní kí n wá fún àyẹ̀wò. Tí mo bá lọ, ṣé kò ní dà bíi pé n kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run tó?” Mo dá wọn lóhùn pé, “Ẹ lọ, mà. Nígbà tí ọba Hesekáyà ń ṣàìsàn, Ọlọ́run ti ẹnu wòlíì Àìsáyà ṣèlérí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un. Àìsáyà yẹn kan náà ló ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo tó ń ṣe ọba. Ìlérí ti jáde lẹ́nu Ọlọ́run kí wọ́n tó wá ọ̀pọ̀tọ́, síbẹ̀ wọ́n wá a. Ẹ mú káàdì yín, kí ẹ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò bá yín jókòó níbẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ìyá ìjọ lónìí kí ẹ tó lọ sílé.”