Kí Ló Ń Sọ Irin Gíláàsì Di Ẹlẹgẹ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí: pẹlẹbẹ irin gíláàsì kan, ìyẹn irin tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tò létòlétò, tí kò nípọn tó irun orí. Irin, silicon àti boron ni wọ́n yọ́ pọ̀ ṣe é. Mo ká a sí méjì, mo fi èékánná tẹ ibi tó ká: kò ṣẹ́. Èkejì rẹ̀ nìyí, ara ọ̀kan náà ni mo ti gé e, àmọ́ ó sùn nínú iná ìléru lánàá. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dún? Ó ṣẹ́ bí ìpékeré.

Wọ́n á ní kírísítálì, ìyẹn ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù ti tò létòlétò, tó hù nínú rẹ̀ ló fà á. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ ọ̀hún ò tíì pé.

Nínú irin tí alágbẹ̀dẹ ń lù, àwọn átọ́ọ̀mù tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Tí òòlù bá bà á, ìlà kan á yọ̀ lórí èkejì, irin á tẹ̀. Irin gíláàsì kò ní ìlà. Èrò ọjà ni. Ní 1960, Pol Duwez àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Caltech, l'Amẹ́ríkà, yọ́ wúrà mọ́ silicon, wọ́n sì mú un tutù lójijì débi pé àwọn átọ́ọ̀mù ò ráyè tò kó tó le.

Báwo wá ni irin tí kò ní ìlà ṣe ń tẹ̀? Àlàfo kéékèèké tó kù láàárín àwọn átọ́ọ̀mù ni. Bí a bá tì í, díẹ̀ nínú wọn á sún, wọ́n á ti àwọn tó kàn wọ́n, títí tí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á fi là, nǹkan bíi nanometre 10 sí 20 ní fífẹ̀ (mílíọ̀nù kan nanometre ló wà nínú mìlímítà kan), tí gbogbo yíyọ̀ á máa gbà. Bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá ń là níwájú ibi tó fẹ́ sán, ẹnu rẹ̀ á kúnu.

Iná ló ń di ọ̀nà yìí. Kí kírísítálì kankan tó yọjú, ooru ti mú àwọn átọ́ọ̀mù sún mọ́ra, àlàfo ti dínkù. Lẹ́yìn náà ni kírísítálì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó wù ú. Nínú pẹlẹbẹ tèmi yìí, irin ló kọ́kọ́ ń di kírísítálì, ó ń lé boron jáde, boron á wá pọ̀ jù nínú gíláàsì tó ṣẹ́kù. Ìyókù yẹn gan-an ni mo ń fura sí jù. Nínú àwọn àdàlù mìíràn, kírísítálì fúnra rẹ̀ le koko, kì í tẹ̀ rárá. Ní 1997, àwọn onímọ̀ Gilbert, Ritchie àti Johnson wọn agbára tí irin gíláàsì kan tí wọ́n fi zirconium ṣe fi ń kọ̀ láti sán: nǹkan bíi 55 MPa√m (òṣùwọ̀n agbára yìí) kó tó di kírísítálì, nǹkan bíi 1 lẹ́yìn tí díẹ̀ nínú rẹ̀ di kírísítálì.

Àmọ́ ní 2000, Hays, Kim àti Johnson fi niobium, irin mìíràn, kún irú àdàlù bẹ́ẹ̀, kírísítálì rírọ̀ tó yọ ẹ̀ka bí igi hù nínú rẹ̀ nígbà tó ń tutù. Dípò kó ṣẹ́, ọ̀nà yíyọ̀ pọ̀ sí i, irin náà sì ń tẹ̀.

Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ bá ẹlẹgẹ́ jà. Láti 1988 ni iléeṣẹ́ Hitachi Metals ní Japan, tó ti ń jẹ́ Proterial láti 2023, ti ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ irú pẹlẹbẹ yìí di kírísítálì wínníwínní, nítorí iṣẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ti ká a bí òrùka kí wọ́n tó gbé e síná. Bó bá jáde, inú ike ni wọ́n ń kó o sí.