Òkè Tó Ti Inú Òkun Wá

Ẹ jẹ́ kí n mú yín gun ṣóńṣó òkè Everest ná. Nígbà tí Nepal àti Ṣáínà jọ kéde gíga rẹ̀ lọ́dún 2020, ó lé díẹ̀ ní mítà 8,848. Kò sí òkè mìíràn lórí ilẹ̀ tó ga tó o. Síbẹ̀, bí ẹ bá fọ́ òkúta orí rẹ̀ téńté, àfọ́kù ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun lẹ máa bá níbẹ̀. Ta ló rù wọ́n gòkè? Kò sẹ́nì kankan. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun fúnra rẹ̀ ló dìde.

Ilẹ̀ tá à ń tẹ̀ yìí pín sí awẹ́ bí obì ni. Àwọn awẹ́ náà tóbi gan-an, wọ́n sì ń yọ́ rìn lórí àpáta gbígbóná tó rọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ wọn. Èyí tó gbé Íńdíà wá láti gúúsù forí sọ Éṣíà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Òkun àárín wọn fún pa, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká jọ bí aṣọ tí a fọwọ́ tì, ó wú, ó di àwọn òkè Himalaya, tí Everest jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìkọlù yẹn ò tíì parí títí dòní.

Níbi tí awẹ́ méjì bá ti ń fira wọn sílẹ̀, ńṣe ni ilẹ̀ máa ń ya, tí àárín rẹ̀ á rì. Bí àfonífojì gbọọrọ tó la ìlà-oòrùn Áfíríkà kọjá ṣe wáyé nìyẹn.

Òkè ayọnáyèéfín kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1943, ilẹ̀ là nínú oko àgbàdo kan ní Mẹ́síkò, eérú àti òkúta gbígbóná ń tú jáde. Kí ọdún tó yípo, òkìtì rẹ̀ ti ga ju mítà 300 lọ. Parícutin ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1952 ló dákẹ́.

Níléèwé, ńṣe la há a sórí: òkè, òkè olórí pẹrẹsẹ, pẹ̀tẹ́lẹ̀, àfonífojì, bí ẹni ka orúkọ ọmọ tí kò bára wọn tan. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ wo iṣẹ́ omi. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: odò Colorado ní Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù ọdún mélòó kan gbẹ́ Grand Canyon, ó sì jìn ju mítà 1,800 lọ níbòmíràn. Àfonífojì tí odò gbẹ́ lórí òkè máa ń há nísàlẹ̀. Èyí tí òkìtì yìnyín wọ́ kọjá máa ń fẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì dúró ṣánṣán. Afẹ́fẹ́ ń ṣe tirẹ̀ láṣálẹ̀, ó ń kó iyanrìn jọ ní òkìtì òkìtì, àmọ́ ibi tí omi ń kó ẹrù rẹ̀ lọ ló wù mí jù.

Odò Ganges àti Brahmaputra ń ru ìyẹ̀pẹ̀ Himalaya bọ̀ láti òkè. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló di ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn Bangladesh ń gbé. Ìyókù rọ́ wọ òkun Bengal, ó sì tò lé ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀, tó fi nípọn ju kìlómítà 10 lọ láwọn ibì kan.